Asabe Lọ Wádìí Ilé ní Gàá Àkànbí

Bí ọmọbìnrin kan bá rí ọkọ ní agbo-ilé Ẹlẹ́ní, ní Gàmbàrí, kí bàbá rẹ̀ tó dá àwọn àlejò lóhùn, kí ìyá rẹ̀ tó fi eyín funfun síta, Asabe ni wọn yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè. Wọn yóò sọ orúkọ ilé ọmọkùnrin náà fún un, òun náà yóò wọ híjáàbù rẹ̀, yóò ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó di àdúgbò àwọn ọkọ. Bó bá débẹ̀, kò ní í máa kan ilẹ̀kùn kiri. Yóò ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ, yóò jókòó sábẹ́ igi bí ẹni tí oòrùn pa, yóò kí àwọn àgbà tó ń ti mọ́sálásí bọ̀, yóò béèrè ọ̀nà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ á máa kán sí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ bí omi àmù tó ń jò. Kí oòrùn tó wọ̀, Asabe á ti mọ̀ bóyá bàbá ọkọ máa ń bínú òdì, bóyá ìyá ọkọ ní ẹnu, bóyá ọmọkùnrin náà ti fi ìyàwó kan pamọ́ sí Jẹ́bà tí kò sọ.

Gbogbo agbo-ilé ló gbà pé kò sí ẹni tó mọ ìwádìí ṣe tó o. Wọn a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bí èèrà méjì bá fẹ́ fẹ́ra, Asabe ni yóò lọ wo ihò tí ọkọ ti jáde wá. Kúlíkúlí ló ń dín tà, òun náà ló fi tọ́ Munirah, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́hun fi jíǹkí rẹ̀, lẹ́yìn tí bàbá ọmọ ti papòdà. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa, ohun tí Asabe fẹ́ràn ju kúlíkúlí lọ ni kó mọ bí ẹlòmíràn ṣe ń gbé. Bó bá ń kọjá níwájú ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọrùn rẹ̀ á yí síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe òfófó. Ohun tó bá rí, inú rẹ̀ ló ń kú sí, àfi bí wọ́n bá rán an níṣẹ́. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni: ta ló ń sùn ní yàrá wo, kí ni wọ́n gbé kaná, èé ṣe tí ògiri kan fi dúdú ju èkejì lọ.

Ọ̀rọ̀ ilé wá kan òun fúnra rẹ̀.

Munirah ọmọ rẹ̀, tíṣà ni, ní ilé-ìwé kan ní Fate, ibẹ̀ náà ló sì háyà ilé sí. Abdulmujeeb ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ìparí oṣù ló máa ń wálé. Oyún Munirah ti wọ oṣù kẹjọ nígbà tí onílé ránṣẹ́ pè é pé ọmọ òun ń ti òkè òkun bọ̀, ilé náà lòun fẹ́ fún un, kí wọ́n jọ̀ọ́ wá ibòmíràn. Abdulmujeeb ní ọ̀rọ̀ ò tó ariwo. Bí wọ́n bá rí ilé tó dára n'Ílọrin kí oṣù tó parí, kò burú. Bí wọn ò bá rí i, òun yóò wá kó ìyàwó òun lọ sí Kàdúná, ibẹ̀ ni yóò ti bímọ, ibẹ̀ ni wọn yóò sì máa gbé.

Asabe gbọ́, inú rẹ̀ bàjẹ́. Lóòótọ́, ìhà òkè lọ́hùn-ún làwọn baba ńlá rẹ̀ ti gbé ẹní wá tà n'Ílọrin kí wọ́n tó fìdí kalẹ̀. Ṣùgbọ́n Hausa tó ṣẹ́ kù sẹ́nu Asabe kò ju sánnù lọ. Ta ni yóò wẹ ọmọ náà ní Kàdúná? Ta ni yóò fi omi gbígbóná jó ìyá rẹ̀ nínú? Ọmọ kan ṣoṣo, ọkọ̀ ojú irin á wá gbé e lọ, ẹni tó bí i á wá máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù. Ó fọwọ́ gbá àyà, ó ní kí Munirah má ṣèyọnu, òun lòun ó wá ilé náà.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kiri nìyẹn. Ìsmáílà, àjẹ́ńtì kan tí bàtà rẹ̀ máa ń dán ju iwájú orí rẹ̀ lọ, ló kọ́kọ́ mú wọn dé ojú Táíwò. Ilé náà wà lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta fóònù. Munirah wo táìsì, ó wo ẹ̀rọ omi, ó ní ó dára. Asabe kò wo táìsì. Ó kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, ó wo gọ́tà, ó wo okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó wo ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, ó fetí sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń ké nísàlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè. Ó ní ọmọ tuntun tó bá dé ibẹ̀, ọjọ́ tó bá tó rìn ni yóò tó rí oorun sùn.

Wọ́n dé Tánkẹ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì ló kún ilé ọ̀hún, jẹnẹrétọ̀ tó wà níbẹ̀ ju ènìyàn lọ. Wọ́n tún wo òmíràn ní Fate níbẹ̀, ilé kan tó rẹwà bí ọmọge ọjọ́ yìgì. Asabe béèrè orúkọ ẹni tó ń gbé lápá ọ̀tún lọ́wọ́ obìnrin tó ń gbé lápá òsì. Obìnrin náà ní òun ò mọ̀ ọ́n, àwọn ò tíì pé púpọ̀ níbẹ̀, ọdún mẹ́rin péré. Asabe kàn mi orí, ó yíjú sí géètì.

"Màmá," ni Ìsmáílà wí, ó ti ń nu òógùn, "ṣé ilé lẹ wá wò ni àbí ẹ wá mú olè?"

Munirah náà rojọ́ pé Màmá ń lé ilé dànù. Asabe ní bí ọmọ bá fi igbe bọnu láàárín òru, kì í ṣe táìsì ni yóò wá kan ilẹ̀kùn bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé.

Àárín èyí ni tíṣà kan tí òun àti Munirah jọ ń kọ́ni bá sọ pé fúláàtì kan ṣófo ní Gàá Àkànbí, nínú ọgbà Alfa Habibullah, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó ní bàbá náà kì í lo àjẹ́ńtì, ojúlówó ènìyàn ló ń fẹ́, kí wọ́n lọ bá a fúnra wọn. Munirah ní kí wọ́n lọ lọ́jọ́ kejì. Asabe ní rárá o. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwà ilé kan, kì í jẹ́ kílé náà mọ̀ pé òun ń bọ̀. Kí Munirah lọ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí ìrọ̀rí, òun á kọ́kọ́ lọ.

Ó wọ híjáàbù ìwádìí. Ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Gàmbàrí dé Post Office, ó wọ òmíràn dé Gàá Àkànbí, ó sì bọ́ sílẹ̀ kó tó dé ojúlé Alfa. Igi dọ́ńgóyárò kan wà níbẹ̀, ìyá Fúlàní kan ń ta wàrà lábẹ́ rẹ̀. Asabe ra wàrà, ó tọrọ ibi ìjókòó, ó yin wàrà náà pé kò kan rárá, ó wá fọ̀rọ̀ wọlẹ̀ wẹ́rẹ́. Báwo ni Alfa tó ni ọgbà yẹn? Ṣé wọ́n ní sùúrù? Ìyá oníwàrà fi ojú wo híjáàbù, ó fi ojú wo bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, ó wo bí obìnrin náà ṣe ń jẹ wàrà bí ẹni tí kò kánjú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Alfa Habibullah kẹ̀? Omi àmù ni, tútù ló tutù. Asabe ní ta ló tún kù sọ́dọ̀ wọn, nítorí ó fẹ́ mọ ẹni tí Munirah yóò máa bá pàdé nídìí kànga. Ìyá oníwàrà ní Ummu Salamah ọmọ wọn ni, télọ̀, ọmọ tó mọwọ́ mọsẹ̀, kí asùbáà tó pè ó ti gbálẹ̀ dójú títì.

"Ọmọ yẹn ò ní fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ láéláé," ó tún fi kún un. "Ẹni tó bá fẹ́ rí i, ìhín ló máa wá bá a."

Asabe tún sún síwájú. Ó dé ọ̀dọ̀ Àbídèmí, fọ́kánáísà tó ń lẹ táyà létí títì, ó ní ìṣó gún òun lẹ́sẹ̀, kó jọ̀ọ́ jẹ́ kóun jókòó. Ó béèrè bóyá ilé yẹn máa ń pariwo. Àbídèmí ní ilé yẹn, wọ́n dákẹ́ ju mọ́sálásí lọ. Ó bi í bóyá òjò máa ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àbídèmí ní òjò bá wo? Ilé tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì gidi kọ́, ilé ọlọ́rọ̀. Lọ́dọ̀ Ìyá Àdìsá tó ń lọ ata, Asabe béèrè nípa omi. Ìyá Àdìsá pa ẹ̀rọ, kí ọ̀rọ̀ òun lè délẹ̀ dáadáa, ó ní ilé tó ní kànga, tí Ummu Salamah fúnra rẹ̀ ń fa omi fún gbogbo àdúgbò, ṣé irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún ń béèrè omi níbẹ̀? Ó ní kí Ọlọ́hun fi alùbáríkà sí i. Asabe ní àmín.

Bó bá jẹ́ ìwádìí ìgbéyàwó ni, Asabe ìbá ti yọ ìdajì oyin inú ọ̀rọ̀ wọn dànù. Ó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé aládùúgbò kì í fẹ́ kọ́mọ àdúgbò pàdánù ọkọ nítorí ẹnu òun, gbogbo àbùkù ni wọ́n á fi sábẹ́ àwo. Ṣùgbọ́n ti ilé ni eléyìí. Ta ló ń parọ́ nítorí òrùlé? Kò rántí pé òun ò sọ fún ẹnì kankan pé yàrá lòun ń wá. Gbogbo oyin náà ló gbé mì. Ó sọ fún Ìyá Àdìsá kó jọ̀ọ́ bá òun jíṣẹ́ fún Alfa pé òun àti àwọn ènìyàn òun yóò wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun aásárì. Ìyá Àdìsá ò tiẹ̀ dúró gba owó ata ẹni tó kù nílẹ̀. Ó ti gba ọ̀nà ilé Alfa lọ.

Nígbà tí Asabe àti Munirah wọlé lọ́jọ́ Àìkú, ẹnu ya àwọn méjèèjì. Wọ́n ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Wọ́n gbé dàbínù àti sóbò tútù kalẹ̀. Alfa Habibullah wọ agbádá funfun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ti darúgbó jókòó tì í pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, ìyá àgbàlagbà méjì wà lápá kejì. Gbogbo wọn kí Asabe tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n kí Munirah, wọ́n sì ń wo ẹ̀yìn wọn bí ẹni pé ó ku ẹnì kan tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Lábẹ́ kọ́tìnnì tó wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá, Asabe rí ẹsẹ̀ méjèèjì obìnrin kan tó lé láàlì. Ó wú u lórí. Ó rò ó pé onílé tó bá lè ṣe báyìí fún ẹni tó wá yàrá, kò sí ibi tí wọn ò lè bá a gbé.

Ẹ̀gbọ́n Alfa ka fátíà, wọ́n ṣàmín. Ó wá béèrè ohun tí ará Ìlọrin kì í ṣàì béèrè: ọmọ ilé wo ni wọ́n? Asabe to ìdílé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bàbá àgbà náà ń mi orí, ó ti mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan níbẹ̀.

"Ọkùnrin náà ńkọ́?" ó béèrè.

"Ó wà ní Kàdúná. Ìparí oṣù yìí ni yóò wálé, ìńṣàlláhù."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe lọ́hùn-ún?"

Asabe ní ẹ̀rọ ló ń bójú tó nílé iṣẹ́ ìyẹ̀fun. Onílé ló ni ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Àwọn ìyá méjèèjì wo ara wọn, iṣẹ́ náà tẹ́ wọn lọ́rùn.

"Ó ti ní ìyàwó nílé tẹ́lẹ̀ ni?"

Asabe bú sẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan èjìká Munirah. "Ìyàwó rẹ̀ rèé o, Bàbá, tòun toyún."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ bàbá àgbà. Alfa Habibullah tẹjú mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá kan nínú àwọn méjèèjì wúkọ́. Bàbá àgbà tún ìjókòó ṣe, ó ní kò burú, ẹ̀sìn fàyè gbà á, kì í ṣe èèwọ̀. Ó yíjú sí Munirah, ohùn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní obìnrin tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ orogún rẹ̀ wá, tó wá bá ọkọ rẹ̀ tọrọ ìyàwó, àlùjánńà ń wo onítọ̀hún.

"Orogún ta ni, Bàbá?" ni Munirah wí.

Ojú Asabe ló kọ́kọ́ là. Ó wo dàbínù, ó wo kápẹ́ẹ̀tì, ó wo ẹsẹ̀ tó lé láàlì lábẹ́ kọ́tìnnì. Ó rí ara rẹ̀ lábẹ́ igi dọ́ńgóyárò tó ń jẹ wàrà. Ó rí híjáàbù ara rẹ̀. Ó sọ pé yàrá ni àwọn wá wò, fúláàtì tó ṣófo, ọmọ òun ni yóò máa gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Ìbá sàn bí wọ́n bá pariwo. Ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lábẹ́ kọ́tìnnì, wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá kan tì pẹ́ẹ́. Alfa Habibullah dìde.

"Ẹ rin gbogbo àdúgbò, ẹ béèrè ọmọ mi lọ́wọ́ oníwàrà, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ fọ́kánáísà," ó ní. "Gbogbo ènìyàn ló ti wá bá mi yọ̀. Yàrá lẹ sì ń wá. Yàrá ò sí."

Nínú Márúwá, Munirah kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Kí wọ́n tó dé Post Office, ẹkún ni. Ó ní kí Màmá má bínú, ó ti rẹ òun, òun á pe Abdulmujeeb kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ wá kó òun.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Asabe kò dín kúlíkúlí. Gàá Àkànbí ló tún gbà lọ, lọ́tẹ̀ yìí ó gba iwájú ilé wọlé. Ummu Salamah ló bá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lábẹ́ àtíbàbà, obìnrin gíga kan tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó ń ran aṣọ ọmọléèwé bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Asabe fẹ́ kúnlẹ̀. Ummu Salamah di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á sórí bẹ́ǹṣì.

"Bí mo bá ní kì í ṣe nítorí yàrá ni mo ṣe wá, irọ́ ni," Asabe wí. "Ṣùgbọ́n ojú rẹ ni mo kọ́kọ́ wá bẹ̀."

Ummu Salamah ń wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Ó ní ó dun òun, òun ò ní í purọ́, láàlì náà ò tíì ṣí. Ó wá béèrè ohun tí ẹnì kankan kò béèrè lọ́wọ́ Asabe rí láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà.

"Màmá, kí ni wọ́n sọ?"

"Àwọn ta?"

"Àwọn tí ẹ bi léèrè mi. Àwọn mìíràn ti wá wádìí mi rí kẹ́ ẹ tó wá. Ẹ̀ẹ̀mejì, wọn ò padà. Mi ò mọ ohun tí wọ́n gbọ́."

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ ìwádìí: ohun tí aládùúgbò bá sọ, kì í dé etí ẹni tí wọ́n sọ ọ́ nípa rẹ̀. Asabe mọ òfin náà bó ṣe mọ aluwàlá. Kó tó rí ohun tí yóò sọ, Alfa Habibullah jáde. Ó ti ń gbọ́ wọn láti inú ilé. Ojú rẹ̀ kò tú ká, ṣùgbọ́n kò lé Asabe. Ó ní bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni ó wá bẹ̀bẹ̀, kó padà lọ bá gbogbo ẹni tó bi léèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń wá. Ẹnu tó da ọ̀rọ̀ síta ni kó kó o jọ. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ tán, òun á mọ̀ bóyá yàrá wà tàbí kò sí.

Asabe dìde. Ummu Salamah náà dìde, ó wọ híjáàbù.

"Ìwọ ń lọ síbo?" ni bàbá rẹ̀ wí.

"Mo ń bá wọn lọ. Bí wọ́n bá máa káàánú mi, ojú mi ni kí wọ́n ṣe é."

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àdìsá ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Asabe sọ ọ́ ketekete: yàrá ló gbé òun wá, kì í ṣe ìyàwó, òun ló jẹ̀bi tí òun kò là á sílẹ̀. Ìyá Àdìsá lanu. Ó wo Ummu Salamah, Ummu Salamah rẹ́rìn-ín. Ìyá Àdìsá bá pa ẹ̀rọ ata, ó fa àga síta.

"Yàrá ni? Háà, ẹ jókòó nígbà náà. Kànga yẹn máa ń gbẹ ní ọ̀gbẹlẹ̀. Láti oṣù kejì títí òjò á fi dé, ẹ̀rọ omi ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni gbogbo wa ń tò sí."

Asabe kò gbà á gbọ́ tán. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Àbídèmí fọ́kánáísà, wọ́n tún ṣàlàyé. Òun náà ju irin sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n tú nídè. Ó ní òrùlé ẹ̀yìn ń jò, òun fúnra òun ti gun un lọ lẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń lẹ táyà, ó tún jò. Rédíò Alfa ńkọ́? Láti asùbáà ló ti ń ké wáàsí, ẹni tó ń gbé ní Òfà gan-an ń gbọ́ ọ. Ó wolẹ̀ sí Ummu Salamah pé kó má bínú. Ummu Salamah ní kó ṣì máa sọ ọ́ lọ, ó gbàgbé eku inú àjà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín débi tí ẹni tó gbé táyà wá fi ń wò wọ́n.

Asabe rìn díẹ̀, ó dúró. Ó mọ gbogbo àbùkù ilé náà báyìí bí ẹni tó bí i. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó lé ènìyàn. Omi tó ń gbẹ, à ń pọn òmíràn. Òrùlé tó ń jò, ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ ẹ́ nínú. Igi dọ́ńgóyárò ló kù, Ummu Salamah sì ń wò ó, kò tún béèrè, ojú rẹ̀ nìkan ló ń béèrè.

Asabe bá rú òfin.

"Ìyá oníwàrà yẹn, ó fẹ́ràn rẹ. Ó yìn ọ́ títí. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé o ò ní fi bàbá rẹ sílẹ̀ láéláé, pé ẹni tó bá fẹ́ ọ, ìhín ni yóò wá bá ọ. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ti sọ ọ́ fún àwọn tó ṣáájú. Ó rò pé ìyìn ni. Ọ̀rọ̀ yẹn, bí wọ́n bá gbé e délé ọkùnrin, ìyá rẹ̀ kò ní í jẹ́ kó padà wá mọ́."

Ummu Salamah dúró láàárín títì. "Ta ló sọ fún un pé mi ò lè lọ?"

"Èmi ò mọ̀."

"Ẹnì kan ò bi mí rí. Bàbá mi gan-an ò bi mí rí."

Wọ́n dé abẹ́ igi. Asabe ṣe àlàyé tirẹ̀, ìyá oníwàrà ń pòṣé, ó ń tọrọ gáfárà. Ummu Salamah jẹ́ kó sọ tán, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú igbá wàrà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní láti òní lọ, bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè òun, kí ìyá jọ̀ọ́ sọ fún wọn pé bó bá jẹ́ Màídúgùrì ni ọkọ wà, òun á lọ. Ìyá oníwàrà ní òun gbọ́. Ó bu wàrà lé e lọ́wọ́, kò gba owó.

Asabe dúró sẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n padà dé ọgbà, Alfa Habibullah gbọ́ gbogbo ibi tí wọ́n dé, ó ní yàrá wà. Nínú Márúwá tó gbé e lọ sí Fate, kò yí ọrùn wo ilé ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ Alfa ló ń tẹ̀lé e. Òun náà, láti gbogbo ìgbà yìí wá, ó ti wo ẹ̀yìnkùlé, ó ti wo gọ́tà, ó ti béèrè lọ́wọ́ oníwàrà, ó ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ ata. Munirah nìkan ni kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bá a tó ń kó abọ́ sínú páálí. Asabe jókòó tì í. Ó ka gbogbo àbùkù ilé Alfa fún un, kò fi ìkankan sábẹ́ àwo: kànga, òrùlé, rédíò, eku. Ó ní Alfa ti gbà, yàrá wà. Ó wá gbé ọwọ́ lé páálí náà.

"Munirah, ṣé Kàdúná wù ọ́? Bó bá wù ọ́, sọ fún mi. Èmi ni màá bá ọ di ẹrù náà."

Munirah wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó rí àlejò. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní nígbà mìíràn ó ń wu òun, nítorí Abdulmujeeb. Nígbà mìíràn ẹ̀rù ń ba òun. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ilé náà ná, kí Màmá má bá òun wò ó.

Ni wọ́n bá tún lọ. Asabe dúró lẹ́nu géètì lọ́dọ̀ Alfa, ọwọ́ rẹ̀ ń yún un, ṣùgbọ́n ó dúró. Munirah bá Ummu Salamah wọ inú fúláàtì. Ó wo ibi tí òrùlé ti ń jò, omi ti ya àwòrán ràkúnmí sí àjà níbẹ̀. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó jókòó sétí fèrèsé, ó gbé ọwọ́ sí ìbàdí, ó sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Bí ọmọ bá ń mú mi lóru, tí mo bá pariwo, ta ló máa gbọ́?"

"Gbogbo wa," ni Ummu Salamah wí. "Ògiri yìí ò nípọn. Bàbá mi á gbọ́. Èmi á gbọ́. Ìyá Àdìsá á gbọ́, á sì bi ọ́ láàárọ̀ pé kí lo ń pariwo sí."

Munirah rẹ́rìn-ín. Ó mú fóònù jáde, ó pe Kàdúná, ohùn rẹ̀ sì dé ẹnu géètì níbi tí ìyá rẹ̀ wà.

"Abdulmujeeb, máa bọ̀ ní Jímọ̀. Kì í ṣe èmi lo fẹ́ wá kó, ẹrù ni. Kó o sì mú àkàbà dání, ilé ń jò."

Alfa Habibullah wo Asabe. Asabe ní àlùhàmúdúlílàhì, ó fi etí híjáàbù nu ojú. Ó wá béèrè lọ́wọ́ Alfa, wẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń ṣe é, pé yàrá tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún yẹn, ta ló ń sùn níbẹ̀?